Rọ́bà Tuntun Kan Tó Kù

Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún 1984, Adégbénró tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun ilé rẹ̀ ní Àpáta, ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ó sì to gbogbo ohun tó tú sílẹ̀ sórí rẹ̀: sípíríǹgì méjì, bọ́tìnnì mẹ́rin, irin tín-ínrín tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, àti àwọn òrùka rọ́bà tí kò tóbi ju ojú ẹja lọ. Ọyẹ́ ọdún náà le. Rhoda ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, síbẹ̀ eruku ń wọlé.

Iṣẹ́ tí Adégbénró ń ṣe kò wọ́pọ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni nígbà tí ìjọba gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì láti Ìkọ̀lé-Èkìtì, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fa omi láti inú àwọn kòtò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, tó ń fi páìpù gbé e lọ sí oko pòtétò àti oko tòmátì. Kòtò wọ̀nyí jìn. Koríko omi àti ẹrẹ̀ máa ń dí ẹnu páìpù nísàlẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ dé ibẹ̀ lọ kó o kúrò. Àwọn méjì péré ló mọ iṣẹ́ náà. Adégbénró ni ọ̀gá. Èkejì ni Matthias, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́ láti wa kùsà, tí wọ́n sì bí òun sí Zawan, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Òyìnbó ẹnjiníà kan ló kọ́ Adégbénró, tí òun náà wá kọ́ Matthias; Òyìnbó náà sì fi irinṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀.

Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sábẹ́ omi kò ní apá, ó sì ní ikùn tó ń gba afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, yóò gbé èèyàn sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde, èèyàn á rì. Irinṣẹ́ kékeré kan tó rọ̀ láti èjìká òsì ló ń darí rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti inú sìlíńdà ẹ̀yìn, bọ́tìnnì kejì ń tú u jáde. Nítorí pé ó tún ní ihò téèyàn lè fi ẹnu fẹ́, Matthias sọ ọ́ ní fèrè, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Fèrè kò fẹ́ ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ kòtò kùsà kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyẹn tí Adégbénró fi ń kó fèrè méjèèjì wálé ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Yóò tú wọn, yóò rẹ irin wọn sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó bu fínígà díẹ̀ sí, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn ìdí sípíríǹgì, yóò pààrọ̀ rọ́bà tó bá ti gbó, yóò sì fi gíríìsì pa á féré bí ẹni ń fi òróró pa ojú ọmọ tuntun. Kì í lo epo pẹtiróòlù, nítorí ó ń mú rọ́bà wú. Ilé-iṣẹ́ kò ní yàrá tó mọ́ tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tábìlì Rhoda ló mọ́ jù.

Páálí rọ́bà mẹ́wàá ni Òyìnbó náà fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ó ku ẹyọ rọ́bà kan ṣoṣo nínú páálí tó kẹ́yìn. Adégbénró ti kọ lẹ́tà sókè òkun lẹ́ẹ̀mejì, ilé-iṣẹ́ sì ti sọ fún un pé ọ̀nà ọjà òkèèrè ti dí, kí ó máa lo ohun tó wà. Ó ti rin gbogbo ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Terminus, ó gbé rọ́bà àpẹẹrẹ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fún un tóbi jù tàbí kó le jù.

Fèrè méjèèjì ló sì ń fẹ́ rọ́bà tuntun.

Ó mú tirẹ̀, ó mú ti Matthias, ó gbé rọ́bà ògbólógbòó wọn sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Etí ti Matthias ti ń ya. Tirẹ̀ ṣì sàn díẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí páálí tó kẹ́yìn náà, ó sì fi rọ́bà tuntun náà sínú fèrè tirẹ̀.

Rhoda ń kó aṣọ gbígbẹ wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ta ló ni èyí tí ẹ fi tuntun sí yẹn?"

"Tèmi ni."

"Ti Matthias ńkọ́, Bàbá Táyọ̀?"

"Mo ti fọ tiẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Òun kì í kọjá àárín omi. Á lò ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i."

Òótọ́ ni pé òun ló máa ń lọ dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun mìíràn tí kò sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lá àlá pé òun rì sínú omi dúdú, Táyọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin sì dúró létí omi, kò mọ orúkọ òun mọ́. Àlá náà kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Rhoda wo rọ́bà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ yàrá lọ.

Adégbénró yí rọ́bà Matthias padà kí ibi tó ya lè wà lẹ́yìn, ó fi gíríìsì pa á, ó to fèrè náà padà. Ó so ó mọ́ sìlíńdà, ó rì í sínú agbada omi. Tirẹ̀ ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú agbada kan náà. Ti Matthias dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ìfófòó kan yọ, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Ó dúró. Òmíràn yọ. Ó tẹ bọ́tìnnì náà bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ìfófòó dúró. Ó kà dé ọgọ́rùn-ún, kò rí nǹkan kan. Ní ọgọ́fà, ọ̀kan tún yọ.

"Á lọ," ni Adégbénró sọ fún ara rẹ̀, ó sì yọ fèrè kúrò nínú omi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n lọ sí kòtò Zawan. Gideon, ọkùnrin tó ń tọ́jú pọ́ǹpù, ti ń dúró dè wọ́n létí omi, ó so okùn mọ́ ìdí igi. Ó ní pọ́ǹpù kò fa omi láti àná, àwọn olóko sì ti ń pariwo. Òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Adégbénró ló kọ́kọ́ wọ omi. Kò tíì wẹ̀ jìnnà tí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó gún un. Ọ̀fìnkìn ti mú un láti ọjọ́ Àìkú, imú rẹ̀ dí, etí kò sì lè ṣí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó gòkè, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú imú rẹ̀.

"Kai! Bọ̀ọ̀dá, ẹ jáde," ni Matthias wí. "Ọ̀fìnkìn kì í ṣe ohun téèyàn ń bá jà lábẹ́ omi. N ó lọ."

"Ìsàlẹ̀ pátápátá ni o. Ó tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà."

"Haba! Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù ń bà mí ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Adégbénró bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e sórí òkúta. Ìwọ̀n kan náà ni ẹ̀wù méjèèjì. Matthias ti wọ tirẹ̀, ó ń fa okùn àyà rẹ̀ le. Gbogbo ohun tó yẹ kí Adégbénró sọ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: wọ tèmi. Ṣùgbọ́n Matthias yóò béèrè ìdí rẹ̀, ó fẹ́ràn ìbéèrè, kò sì sí ìdáhùn tí òun lè fún un tí kò ní dójú ti òun lójú Gideon. Ó ro ìfófòó náà pé ó kéré. Ó ro ó pé iṣẹ́ náà kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

"Rọra ṣe," ló sọ.

"Sai an jima," ni Matthias fi Hausa dáhùn, ìyẹn ni pé ó dìgbà díẹ̀ sí i. Ó rì.

Gideon ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìfófòó ń yọ lójú omi, ó ń lọ síbi tí páìpù wà. Ó dúró síbẹ̀. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lójijì, okùn ọwọ́ Gideon dẹ̀.

"Ó ń bọ̀," ni Gideon wí. "Ó yá jù."

Omi là, Matthias sì ta jáde bí akèrègbè tí wọ́n tẹ̀ sínú omi tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti wú le bí ìlù, afẹ́fẹ́ sì ń ya wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ariwo síbẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Adégbénró bẹ́ sómi pẹ̀lú ṣòkòtò lára. Ó fa họ́ọ̀sì fèrè náà. Ẹrẹ̀ ti mú ìdè rẹ̀ há, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á kó tó já. Ariwo afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ìfófòó tó ń jáde lẹ́nu Matthias pọ́n.

"Ó ń wọlé," ni Matthias ń wí. "Bọ̀ọ̀dá, ó ń wọlé."

Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Afẹ́fẹ́ téèyàn bá mí sínú nísàlẹ̀ omi a máa gbòòrò bí onítọ̀hún ti ń gòkè. Ẹni tó ń rọra gòkè á máa mí i jáde. Ẹni tí nǹkan gbé sókè lójijì kò ní ráyè, afẹ́fẹ́ á fa ẹ̀dọ̀fóró ya, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó gba Matthias ní ilé ìwòsàn ṣàlàyé èyí fún Theresa ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n etíkun ló wà, kò sì dá òun lójú pé Matthias yóò dé ibẹ̀ láàyè. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ mí, wọ́n sì dúró.

Lọ́jọ́ kẹta Matthias lajú. Lọ́jọ́ karùn-ún ó sọ̀rọ̀. Ó lè gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, àmọ́ kò yára. Kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rárá.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Theresa máa ń kúnlẹ̀ kí Adégbénró nígbàkúùgbà tó bá wá, ó ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ bẹ́ sómi, òkú ni ǹ bá máa sin." Adégbénró a máa wo ilẹ̀.

Ó ti gbé fèrè Matthias wálé láti alẹ́ ọjọ́ ìjàǹbá náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó lè tú u. Ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì ti wọlẹ̀ kò padà. Nígbà tó yọ ọ́, ó rí rọ́bà náà tó ti ká kọ́ra bí ahọ́n ajá, ẹrẹ̀ funfun kún abẹ́ rẹ̀ dé ìdí sípíríǹgì. Ibi tó ya náà ni. Rhoda ṣí ilẹ̀kùn, kò sì kan án tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ibi tí ẹ̀ ń rò náà ni?"

"Ibẹ̀ ni."

Rhoda jókòó sórí àga tó kọjú sí i. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí Táyọ̀ fi wá béèrè oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Ọláníyan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, pe Adégbénró sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni.

"Gbénró, jókòó. Àwọn ìnṣọ́ránsì fẹ́ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Matthias. Ìwọ nìkan lo mọ irinṣẹ́ yìí ní gbogbo Jọ́ọ̀sì. Ohun tí o bá kọ ni gbogbo wa máa gbà."

"Kí ni kí n kọ, sà?"

"Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Ọláníyan tún ìjókòó ṣe lórí àga. "Bó bá jẹ́ àṣìṣe òmùwẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ ló bàjẹ́, wọ́n á béèrè ẹni tó ń tún un ṣe, ibi tó ti ń tún un ṣe, àti ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi jẹ́ kó máa gbé e lọ sí ilé. O ní ìyàwó. O ní ọmọ. Lọ jókòó, kí o kọ ọ́."

Adégbénró jókòó, ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé ohun gbogbo pé lára irinṣẹ́ kí òmùwẹ̀ tó wọ omi. Ó kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù ti ba òmùwẹ̀, kó sì tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e fún akọ̀wé.

Oṣù kejì ti ń parí lọ nígbà tí wọ́n dá Matthias padà sílé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Adégbénró kò mọ̀ pé lẹ́tà ti dé nígbà tó wọ takisí lọ sí Zawan lọ́jọ́ Àìkú láti wò ó.

Ó bá Matthias níta lórí ẹní, nínú oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ faramọ́ ògiri, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà síwájú bí ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀. Theresa jókòó lórí àpótí nítòsí, ó ń bó pòtétò. Matthias gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè síbi èjìká, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ afẹ́fẹ́, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, sannu da zuwa," ni Matthias kí i. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, mò ń gbìyànjú láti rántí ni."

"Kí lò ń rántí?"

"Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́." Ó na lẹ́tà kan sí i. "Wọ́n ní mo tẹ fèrè mọ́lẹ̀, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rántí pé mo tẹ̀ ẹ́, Bọ̀ọ̀dá, gaskiya, òótọ́ ni. Mo fẹ́ gbéra díẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òtútù ti pa ọwọ́ mi. Bóyá àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ẹ ti kọ́ mi pé bí fèrè bá há, kí n yọ họ́ọ̀sì. Mo fà á, kò jáde. Bóyá mi ò fà á dáadáa. Theresa ní kí n yé rò ó. Mi ò lè yé rò ó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìka mi á máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀."

Ó wo Adégbénró.

"Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan náà. Ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi ni?"

Adégbénró ti múra ọ̀rọ̀ ìtùnú wá láti ilé. Ó gbé àpò ọsàn kan lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ."

"Ẹ má kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀ o."

"Kì í ṣe ìwọ, Matthias. Rọ́bà inú fèrè ẹ ló ti ya. Rọ́bà tuntun kan ṣoṣo ló kù. Mo fi sí tèmi."

Ọ̀bẹ Theresa dúró lára pòtétò.

"Ẹ mọ̀ pé tèmi ti ya?" ni Matthias béèrè.

"Mo mọ̀. Mo yí i padà. Mo rì í sínú omi, mo sì rí i pé ó ń jò."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Nígbà tí mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ. Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀wù yín wà lórí òkúta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Matthias wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ kan kọjá lẹ́bàá ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó yí ilé náà ká, ó dúró, ó gbọn etí, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Matthias gbé ojú padà sí lẹ́tà náà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ọ̀gá ló kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́."

Theresa dìde. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí i ní ilé ìwòsàn náà dúró gbọnin, pòtétò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìde nílé mi," ló wí. "Gbé ọsàn ẹ. Dìde, kí n tó gbàgbé pé o jù mí lọ."

Adégbénró wo Matthias bóyá yóò sọ nǹkan kan. Matthias ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ kò mì.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Rhoda. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Rhoda gbọ́ ọ tán, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró.

"Mo rí yín lọ́jọ́ Sátidé yẹn," ló wí. "Mo rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Mo kó aṣọ mi, mo wọ yàrá. Inú mi dùn pé tuntun wà lára tiyín. Ìyẹn ni mi ò lè sọ láti ìgbà yẹn. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí."

"Wọ́n á lé mi kúrò níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ṣì ní iṣẹ́ olùkọ́ mi." Ó fa tábìlì sún mọ́ ọn, ó sì gbé bébà síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Rhoda bá a kọ ọ̀kan nínú wọn. Ó kọ ọ́ pé òun ni òun tún fèrè náà ṣe, pé òun mọ̀ pé ó ń jò, pé òun jẹ́ kí òmùwẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àti pé ìwé tí òun kọ ṣáájú kì í ṣe òtítọ́. Ó fi rọ́bà tó ya náà sínú apòòwé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó tó lọ sí ibi iṣẹ́, ó yà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi ẹ̀dà kan àti rọ́bà náà ránṣẹ́ sí àwọn ìnṣọ́ránsì. Ó fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sí Matthias. Ó mọ ara rẹ̀. Bó bá dé iwájú Ọláníyan kó tó fi í ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ yẹ̀.

Ọláníyan ka ẹ̀dà kẹta náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Gbénró, kí ló dé tí o fẹ́ ba ayé ara rẹ jẹ́? Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Ọkùnrin yẹn kò ní rìn sí i nítorí pé o kọ ìwé. Jẹ́ kí n ya nǹkan yìí, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

"Ẹ lè ya á, sà. Mo ti fi òmíràn ránṣẹ́."

Ọláníyan kò gbé ohùn sókè síbẹ̀. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ọlọ́pàá pe Adégbénró lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì pè é mọ́. Kò rí iṣẹ́ gidi fún oṣù mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn ó háyà ìsọ̀ kótópó kan nítòsí Terminus, ó ń tún pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ omi ilé ṣe. Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan sì dẹ́kun kíkí i. Ìyìn náà ló nira jù fún un láti gbọ́. Ó ń lọ sí òpin ọ̀nà Zawan nígbà mìíràn, yóò dúró níbi tí takisí ń já èrò sí, yóò sì padà láì dé ilé Matthias.

Gideon ló ń mú ìròyìn wá fún un. Ó sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ti fa lẹ́tà ìdádúró yẹn padà, pé àwọn ló ń gbé Matthias lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, pé ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ó sọ fún un pé wọ́n ti fi Matthias sí sítọ́ọ̀, àti pé páálí rọ́bà kan dé láti òkè òkun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, Rhoda gbọ́ ohùn ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn òkúta tó gòkè wá sí ilé wọn. Ó lọ wo ta ni. Ó padà wá, ojú rẹ̀ ti yí.

"Matthias ni."

Adégbénró jáde. Matthias dúró sí ẹnu ọ̀nà, òógùn bo ojú rẹ̀, ó gbé àpò ìkọ́pá kan. Kò kí i.

"Wọ́n ní kí n máa tún fèrè ṣe," ló wí. "Wọ́n ti gba ọmọkùnrin méjì tuntun tí yóò máa wọ omi. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn kọ́ mi, wọn ò rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

"Wọlé."

"Mi ò tíì dárí jì yín o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Theresa kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá síbí."

Wọ́n jókòó sí tábìlì. Adégbénró tú fèrè kan pátá, ó sì sọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan bó ti ń gbé e sílẹ̀. Matthias ń tún un pè tẹ̀lé e. Ó béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ rọ́bà tó ti gbó kó tó ya. Adégbénró gbé ògbólógbòó kan fún un, ó ní kó fi àtàǹpàkò yí i, kó gbọ́ bó ṣe le. Ọwọ́ òsì Matthias lọ́ra, rọ́bà sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Adégbénró na ọwọ́ láti bá a gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Matthias wí.

Ó wá a lábẹ́ àga fúnra rẹ̀ títí tó fi rí i.

Rhoda gbé oúnjẹ wá. Matthias dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi nìkan ló mu. Nígbà tí ó parí, ó di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Òjò ti dá, ọ̀nà sì ń yọ̀. Adégbénró tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ dé títì, ó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀pá ń tẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti gẹ̀rẹ̀ jù, ó fẹ́ di apá rẹ̀ mú. Matthias fa apá náà kúrò, ó dúró mí, ó sì ń lọ.

Takisí kan dúró. Matthias kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọlé bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn.

"Bọ̀ọ̀dá," ló wí láti ojú fèrèsé, "kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe bí rọ́bà bá tán tí òmíràn kò dé?"

"Kọ̀. Sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ omi."

"Bí Ọ̀gá bá ní kí n lo ohun tó wà?"

"Kọ̀ síbẹ̀."

Dẹ́rẹ́bà ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ.

"Sátidé tó ń bọ̀, àárọ̀ ni n ó wá," ni Matthias wí. "Ẹsẹ̀ yìí kì í fẹ́ ọ̀sán."

Takisí gbéra lọ sí ọ̀nà Zawan. Adégbénró dúró sí etí títì níbẹ̀ títí òjò fi tún bẹ̀rẹ̀.